Ẹni Tó Tún Ìpele Géèmù Àtijọ́ Kọ́ Kò Jíwèé Wò

Ní Kubwa níbí, ní Abuja, lọ́sàn-án Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́fà bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù lórí kọ̀ǹpútà. Lóṣù tó kọjá, bàbá ọ̀kan nínú wọn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi ní Mario àtijọ́ lẹ ní kóun máa tún ṣe. Ṣé kò ní ọpọlọ tirẹ̀ ni?” Mario ni géèmù tí ọkùnrin kan ti ń sáré, tó ń fò lórí ọ̀tá àti ọ̀gbun. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bàbá yìí nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀. Èrò náà ti gbilẹ̀ láàárín wa pé ẹni tó bá ń tún ìpele géèmù ẹlòmíràn kọ́, ìyẹn abala kan tí ẹni tó ń gbá a ní láti là já, ìwé ló ń jí wò, àti pé ẹni tó bá lẹ́bùn, àtinúdá tirẹ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí ayé ń pè ní ọ̀gá nínú géèmù ṣíṣe. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990, ní ìlú Shreveport lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, John Carmack rí ọgbọ́n tí àwòrán orí kọ̀ǹpútà fi lè máa yí lọ geere bíi ti géèmù orí tẹlifíṣọ̀n. Òru ọjọ́ kan ṣoṣo lòun àti Tom Hall fi tún ìpele àkọ́kọ́ Super Mario Bros. 3 kọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Hall ń dá géèmù dúró lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wò ó, ó ń yà á. Nintendo, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Mario, kò gbà kí wọ́n ṣe é fún kọ̀ǹpútà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn òru yẹn, wọ́n gbé géèmù Commander Keen jáde, ayé tí wọ́n fi orí ara wọn dá. Nígbà tó fi di 1993, ilé-iṣẹ́ wọn ti ṣe Doom, géèmù ìbọn tó lókìkí káyé. Ṣé àwọn yẹn ló wá jẹ́ aláìlọ́pọlọ?

Ọmọ tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ìpele àkọ́kọ́ tó dá ṣe kún fún ọ̀tá láti ẹnu ọ̀nà, ọ̀gbun mẹ́ta sì tò tẹ̀lé ara wọn. Kò sẹ́ni tó là á já nínú wa, òun gan-an kò là á já. Ó ní bó ṣe le yẹn ni adùn rẹ̀. Mi ò bá a jiyàn. Mo fún un ní ìwé gíráàfù, mo ní kó ya ìpele kìíní Super Mario Bros. ti ọdún 1985 sínú rẹ̀, kó kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ojú géèmù yẹn fẹ̀ tó búlọ́ọ̀kù 16, àpótí kan nínú ìwé dúró fún búlọ́ọ̀kù kan. Páìpù àkọ́kọ́ tí Mario ní láti fò kọjá ga ní búlọ́ọ̀kù 2, èkejì 3, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin 4. Láti kékeré ló ti ń gbá géèmù yẹn, kò kíyè sí i rí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ òun ní fífò.

Nígbà tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, olú tó yẹ kó sọ Mario di ńlá jáde látinú búlọ́ọ̀kù, ó yí lọ sápá ọ̀tún, ó gba inú páìpù kọjá, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà ti gbàgbé láti jẹ́ kí páìpù dá a padà. Ibẹ̀ ló ti yé e. Ẹni tí kò mọ géèmù náà rí ti kọ́kọ́ pàdé Goomba, ọ̀tá tó ń pani. Olú sì fara jọ ọ́, ó fẹ́ sá fún un. Páìpù ló ń dá olú padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá sì fò, orí rẹ̀ á gbá búlọ́ọ̀kù òkè, á já bọ́ lé olú náà, á di ńlá, á sì mọ̀ pé oore ni. Shigeru Miyamoto, tó ṣe géèmù náà pẹ̀lú Takashi Tezuka, ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Iná ti lọ, bátìrì la ń lò, nígbà tó bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń retí. “Bọ̀dá, kí ló dé tí àtẹ̀gùn yìí fi jẹ́ oríṣi méjì?” Àtẹ̀gùn méjì kọjú síra, ilẹ̀ ló wà láàárín wọn, o bá já bọ́, o tún gùn ún. Níwájú díẹ̀, méjì mìíràn kọjú síra bákan náà, ọ̀gbun ló wà láàárín tiwọn. Mi ò dá a lóhùn. Ó wo ìwé rẹ̀ títí. “Áà! Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ ká fi dánra wò ni.”

Àwọn kan tún máa ń sọ pé àtúnkọ́ ló rọrùn jù. Ẹ bi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó tú bùbá àtijọ́, kó sì rán an padà bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ tirẹ̀ ló rán, ibi tó bá gbà ló dáa. Èyí tó tú, ẹlẹ́rìí wà ńlẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fara mọ́ nínú ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ni pé ohun olóhun kì í ṣe ọjà. Nintendo ló ni Mario; a ò gbọdọ̀ gbé e síta pé tiwa ni, débi tí a ó tà á. Inú kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ṣẹ́ ló ń gbé.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ náà gbé ìpele tirẹ̀ dé. Orí òrùlé ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna ni. Ní Idu, ọkọ̀ dúró. Pèpéle wà lábẹ́ àlàfo tó wà láàárín kóòṣì kìíní àti èkejì, o bá já bọ́, o tún gòkè. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ fọn fèrè, ó gbéra lọ sí Kubwa, àlàfo tó fẹ̀ bákan náà tún dé, kò sí pèpéle mọ́. Mo já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọjá. Mo bá pe bàbá rẹ̀ wọlé, mo gbé kọ̀ǹpútà náà lé e lórí itan.