Kànga tìẹ, omi gbogbo wa

Ẹni tó bá tún sọ pé "kànga kálukú, omi kálukú", ẹ bá mi fà á wá sẹ́yìnkùlé wa n'Ílé-Ifẹ̀ lóṣù Èrèlé.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wa: odò kan ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, ibi tí kànga rẹ bá ti kan ojú omi tìẹ, kò kan ará ilé kejì. Nítorí náà, bí kànga bá gbẹ, ayé ló ṣe é. Ẹnì kankan kì í wo pọ́ǹpù tó ń kùn lẹ́yìn ògiri.

Orí àpáta ni Ifẹ̀ wà, Iléṣà náà bẹ́ẹ̀. Omi òjò tó rin ilẹ̀ láti oṣù Igbe títí dé Ọ̀wàrà ló sá pamọ́ sínú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta náà, àti síbi tí àpáta fúnra rẹ̀ ti là. Ẹ bu yanrìn sínú báàfù, ẹ da omi sí i kó rin dáadáa, kẹ́ ẹ wa ihò méjì sí i. Ẹ máa fi ife bu omi inú ọ̀kan, ẹ ó rí i pé tẹ̀gbẹ́ ẹ̀ náà ń fà. Ká sòótọ́, bí kànga méjì bá jìnnà síra, tàbí tí àpáta dídì dá wọn láàárín, ọ̀kan lè má mọ̀ pé wọ́n ń fa èkejì. Ohun tí kò jẹ́ kí irọ́ yìí kú nìyẹn.

Mo so kókó mọ́ okùn kànga wa, ìgbọ̀nwọ́ kan síra. Láàárọ̀ kùtù, kókó kẹtàdínlógún ni rọ́bà ń kan omi. Lọ́jọ́ tí aládùúgbò wa bá tan jẹnẹrétọ̀ tó fi bọ́ọ̀hóòlù rẹ̀ kún táǹkì méjèèjì, ó di kókó kọkàndínlógún. Kókó méjì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1. Ẹ ṣírò ẹ̀: kànga tó fẹ̀ ní mítà 1, bí omi inú ẹ̀ bá ga ní mítà 1, bíi lítà 785 ni, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà bíi 31 péré. Kò kún táǹkì lítà 1000 kan.

Wọ́n á ní ká sáà gbẹ́ ẹ jìn sí i. Bí ilẹ̀ rírọ̀ bá ṣì kù, ó dáa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ti lọ sílẹ̀ gan-an ló tiẹ̀ yẹ kéèyàn gbẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n tí dígà bá ti ń dún kọ̀ǹ-kọ̀ǹ lórí àpáta dídì, owó lẹ̀ ń rì mọ́lẹ̀.

Ní tiwa, a ra àgádágodo sí kànga wa. Aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀, a fà. Ìrọ̀lẹ́ bákan náà. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin fún yàrá kan. Àkókò tó kù, a tì í kómi lè tún sun. Aládùúgbò wa náà gbà láti máa kún táǹkì kan lóòjọ́, lẹ́yìn tá a bá ti fà tán láàárọ̀.

Ó ṣì ń jiyàn o. Ó ní láti odò Èsìnmìrìn lomi tòun ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí táǹkì kan bá ti kún, ó ń pa pọ́ǹpù.