Ẹni Tó Bá Dákẹ́: Ìmọ̀ràn fún Abiyamọ Tí Ọyàn Ń Dà Láàmú, Tí Ebi Sì Ń Pa

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òwe yìí kò ní kí ènìyàn máa ro ẹjọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo oríta, kò sì yin aláriwo. Ohun tó ń sọ ni pé ìṣòro tí a kò fi ẹnu sọ kì í ní olùrànlọ́wọ́, nítorí pé ẹni tó fẹ́ ran ni lọ́wọ́ pàápàá kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ fi òwe náà wo ọ̀ràn méjì tó sábà máa ń bá obìnrin kan náà lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìbímọ, tó sì jẹ́ pé ìtìjú ni kì í jẹ́ kó lè sọ èyíkéyìí nínú wọn: ọyàn tí kò lọ bó ṣe yẹ kó lọ, àti ebi tó ń fi pa ara rẹ̀ kí ikùn lè tètè wọlé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín wa gbà pé fífún ọmọ lọ́yàn kì í ṣe ohun tí à ń kọ́. Wọ́n rò pé bí obìnrin bá ti bímọ, ọyàn yóò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn àlejò bá dé ní ọjọ́ ìkómọ, tí wọ́n kí ìyá ìkókó kú ewu, tí wọ́n sì béèrè bóyá ọmọ ń mu ọyàn dáadáa, "A dúpẹ́" ni ìdáhùn, kódà bí orí ọmú méjèèjì bá ti bó tí ìyá ọmọ sì ń di eyín pọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ya ẹnu. Kò pẹ́ tí ìbéèrè kejì yóò fi tẹ̀ lé e, ẹ̀rín ni wọ́n sì máa ń fi bi í: "Ikùn yìí ńkọ́, ṣé kò tíì fẹ́ lọ ni?" Aṣọ ti wà lọ́dọ̀ aránṣọ, ẹni tó máa ya fọ́tò ti gba owó ìdáwọ́lé. Obìnrin tó gbọ́ ìbéèrè méjèèjì láàárín wákàtí kan lè gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ara òun ti já òun kulẹ̀ lọ́nà méjì, kò sì ní sọ ọ̀kan kan nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọyàn, nítorí ibẹ̀ ni àìmọ̀ ti pọ̀ jù. Omi ọyàn àkọ́kọ́ máa ń ki, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń dà bí ìyeyè. Àwọn àgbà kan ń fún un dànù nítorí pé wọ́n kà á sí ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ààbò tí ọmọ kọ́kọ́ ń rí gbà lọ́wọ́ àrùn. Kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ tuntun náà kò tóbi. Bó bá di nǹkan bí ọjọ́ kẹta, ọyàn yóò kún, ó lè le, ó lè gbóná, débi pé ọmọ kò ní lè dì í mú. Bí ìyá bá rọra fi ọwọ́ fún díẹ̀ jáde, yóò rọ̀ fún ọmọ láti mú. Ìrora orí ọmú sábà máa ń wá láti inú bí ọmọ ṣe fi ẹnu mú un. Ọmọ tó bá fi ẹnu mú orí ọmú nìkan yóò bó o ni. Ó yẹ kí ẹnu rẹ̀ gba púpọ̀ nínú ibi dúdú tó yí orí ọmú ká, kí àgbọ̀n rẹ̀ sì kan ara ọyàn.

Ọmọ tuntun lè mu ọyàn ní ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, ní ìrọ̀lẹ́ ó sì lè máa mu ún léraléra láìsinmi. Àwọn tó sọ pé ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun, ó jọ pé wọn kò tọ́ ìkókó rí, nítorí pé ọmọ yóò sùn lọ́sàn-án tẹ́rùn-tẹ́rùn ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọyàn tó máa ń le tẹ́lẹ̀ yóò rọ̀, ìyá yóò sì sọ pé omi ọyàn òun ti gbẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò gbẹ rárá. Ọyàn ti mọ ìwọ̀n tí ọmọ ń fẹ́ ni. Ibí yìí gan-an ni omi àti àgbo ti máa ń wọlé. A ó fún ọmọ ní omi, ikùn rẹ̀ yóò kún, kò ní fa ọyàn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, omi ọyàn yóò sì dínkù lóòótọ́, nítorí pé bí ọmọ bá ṣe ń fa ọyàn tó ni ọyàn ṣe ń pèsè tó. Ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni kò gba ohun mìíràn ju omi ọyàn lọ. Mo gbà pé kì í ṣe pé àwọn ìyá yòókù kọ etí dídi sí ìmọ̀ràn. Ẹ̀rù ló bà wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè bi.

Ta ni kí wọ́n bi? Ìyá ọkọ tàbí ìyá tó bí wa lọ́mọ ni a kọ́kọ́ máa ń sáré tọ̀ lọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń wẹ ọmọ, tí wọ́n ń se ọbẹ̀ ata gbígbóná, tí wọ́n ń gbé ọmọ pọ̀n ní ìdájí kí ìyá rẹ̀ lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lè tó ọgbọ̀n ọdún tí màmá ti fún ọmọ lọ́yàn gbẹ̀yìn. Ìrora ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti kúrò lọ́kàn wọn. Ohun tó kù tí wọ́n ń rántí ni pé ọmọ mẹ́fà làwọn tọ́, tí gbogbo wọn sì mu ọyàn yó. Wọn kò purọ́, àmọ́ àṣeyọrí wọn tún ń dẹ́rù ba aya ọmọ wọn ni. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ iṣẹ́ wọn, èrò ló pọ̀ níwájú wọn. Ẹni tó kù ni obìnrin tí ọmọ tirẹ̀ kò tíì ju oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, tí orí ọmú tirẹ̀ náà bó láìpẹ́ yìí, tó lè jókòó ti ni, kó wo bí a ṣe gbé ọmọ dání, kó sì sọ pé: "Àǹtí, ẹ gbé e súnmọ́ ara yín dáadáa. Ẹ dúró kó ya ẹnu tán kí ẹ tó fi ọmú sí i. Bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni oògùn ìtìjú. Ẹni tí ọ̀ràn kàn ló mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1956, ní Franklin Park ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, obìnrin méje dá ẹgbẹ́ La Leche League sílẹ̀ nítorí irú ọ̀ràn yìí. Ní àkókò yẹn, oúnjẹ inú ìgò ni ọ̀pọ̀ dókítà ibẹ̀ ń tọ́ka àwọn ìyá sí. Níbi àpèjẹ ìta gbangba kan tí ìjọ wọn ṣe, Mary White àti Marian Tompson jókòó, wọ́n ń fún ọmọ wọn lọ́yàn, àwọn obìnrin mìíràn sì ń tọ̀ wọ́n wá pé àwọn náà gbìyànjú rẹ̀, kò bọ́ sí i. Yàrá àlejò Mary White ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Ohun tí àwọn obìnrin yìí ní ni ọmọ lọ́wọ́ àti ẹnu láti sọ ọ́. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF wá gbé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kalẹ̀ fún àwọn ilé ìgbẹ̀bí ní 1989, ìgbésẹ̀ kẹwàá ni pé kí wọ́n ran ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn abiyamọ lọ́wọ́, kí wọ́n sì júwe ẹgbẹ́ náà fún ìyá tó ń padà sílé. Lójú tèmi, èyí ni a pa tì jù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Wọn yóò fún ìyá ní káàdì, wọn yóò sọ ọjọ́ tí yóò gbé ọmọ padà wá, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n sọ ẹni tí yóò pè bí ọyàn bá le koko ní òru.

Bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ náà ti wà nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Nàìjíríà. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn ìyá tí ọmọ wọn jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn yóò máa bá ara wọn pàdé lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, wọn yóò jọ kọ orin, wọn yóò jọ dúró de nọ́ọ̀sì fún wákàtí gbọọrọ. Mo rò pé kò sí ibi tí ó tún rọrùn jù ú lọ láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ti ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń dun ẹ̀yin náà?"

Ní ti ebi, àwọn àgbà tún sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀rí òwe yìí wà ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà, níbi tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ancel Keys ti ṣe ìwádìí kan láti 1944 wọ 1945. Ọkùnrin 36 tí ara wọn le, tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, ni wọ́n dín oúnjẹ kù fún, fún ọ̀sẹ̀ 24, títí wọ́n fi pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Oúnjẹ gba ọkàn wọn pátá: wọ́n ń lá àlá rẹ̀, wọ́n ń ka ìwé ìdáná, inú ń bí wọn sódì, ìbànújẹ́ dé bá wọn. Nígbà tí oúnjẹ sì padà dé, àwọn kan jẹ ẹ́ títí, wọn kò mọ̀ pé àwọn ti yó. Ọkùnrin ni wọ́n o, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ń fún ọmọ lọ́yàn. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn nílò nǹkan bíi kálórì 500 (ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara) lójúmọ́ lórí èyí tó nílò kó tó lóyún. Bó bá ń fi ebi pa ara rẹ̀, omi ọyàn kì í tètè gbẹ, àfi bí ebi náà bá le. Ara ìyá ni yóò máa san gbèsè náà, nínú àárẹ̀, òòyì àti ìbínú tí yóò máa rò pé ìwà òun ni. Ẹni tó sì ń ka gbogbo òkèlè tó ń lọ sí ọ̀fun kò ní àyè lọ́kàn láti kọ́ bí ọmọ ṣe ń di ọmú mú.

Ó dára kí a jáwọ́ nínú fífi ebi pa ara ẹni, bẹ́ẹ̀ ìjáwọ́ náà kò rọrùn láti dá ṣe. Mary Evans Young, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí àìsàn àìfẹ́jẹun ti bá jà tẹ́lẹ̀, dá ọjọ́ àìṣọ́-oúnjẹ-jẹ (International No Diet Day) sílẹ̀ ní 1992. Inú ọgbà Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù ni òun àti àwọn obìnrin bí méjìlá fẹ́ ti jẹun, òjò lé wọn wọlé, wọ́n sì jẹ ẹ́ nínú ilé rẹ̀. Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 6, ni wọ́n ń ṣe é ní ọdọọdún báyìí káàkiri. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé wọ́n jẹun pọ̀, wọn kò kàn jókòó sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Ìyá ìkókó tó ti ń fi tíì tí wọ́n ní ó ń mú ni tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò oúnjẹ àárọ̀, tí kò sì mọ̀ pé ewé senna tó ń mú ni yàgbẹ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀, máa nílò ẹnìkan tí yóò bù ẹ̀bà síwájú òun náà, tí yóò sì jẹ ẹ́ láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí a má ṣì mí gbọ́. Dídẹ́kun ebi àfọwọ́fà kò túmọ̀ sí pé kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru da ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀ nù. Ààwẹ̀ ìsìn sì yàtọ̀ sí dídín ara kù, síbẹ̀ Ìsìláàmù pàápàá fún abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́yàn ní àyè láti má gba ààwẹ̀ Ramadan, bó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ.

Ẹgbẹ́ pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń dá obìnrin tó fi wàrà inú agolo kún ti ọyàn lẹ́jọ́ bí ọ̀daràn, àti ibi tí ìyá kan ti ń fi fọ́tò ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ yájú sí àwọn yòókù. Ẹ fi irú ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ gidi máa ń béèrè kó tó dáni lóhùn, ó sì máa ń mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Bí ọyàn bá pọ́n, tó ń dunni, tí ibà sì bá a wá, ilé ìwòsàn ló kàn. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún ọmọ kò tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà láàárín wákàtí 24, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè sí i, tí kò fẹ́ jí mu ọyàn, ẹ má dúró de ìpàdé kankan. Bákan náà ni ìyá tí ìbànújẹ́ kò kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń ro àtipa ara rẹ̀ lára.

Àwọn ọmọ wa tó bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, tí físà màmá kò tètè jáde, lè pe ìlà tẹlifóònù tí Breastfeeding Network àti Association of Breastfeeding Mothers jọ ń bójú tó. Àwọn ìyá tí wọ́n ti fún ọmọ tiwọn lọ́yàn, tí wọ́n sì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n ń gbé e. Fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ tàbí Ìkòròdú, bẹ́ǹṣì abẹ́rẹ́ ni mo tún ń tọ́ka sí. Ẹ wo obìnrin tí ọmọ rẹ̀ wá gba ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, tó ń fún ọmọ lọ́yàn lọ́wọ́ kan tó ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ kejì. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó pe orúkọ yín.