Ejò Kú Tán, Ẹ Ní Kí Obìnrin Dìde

Ọkùnrin rí ejò, obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Ejò kì í dúró de ẹni tí a ó rán sí i. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bí iṣẹ́ bá délẹ̀, ẹnu ọkùnrin ni òwe yìí máa ń wà. Bó bá di ọ̀rọ̀ àṣẹ, wọn a gbé e mì. Nínú ìpàdé ọmọ ìlú kan láìpẹ́ yìí, àwọn ìyá ló dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó gbọ̀ngàn. Nígbà tó kan ìbò alága, bàbá kan wúkọ́, ó ní kí àwọn ìyá lọ wo ọbẹ̀. Mo yarí. Ó ní ṣebí ní Ìlú Ọba pàápàá, ọkùnrin ló fi ìbò ta obìnrin lọ́rẹ, torí wọ́n ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ọrẹ wo? Ní 1917, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ń ri ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ bọ̀, àwọn ọkùnrin oko sì ti wà lójú ogun. Ìjọba bá dá Women's Land Army, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oko, sílẹ̀. Bíi 23,000 obìnrin ló wọ̀ ọ́. Wọ́n wọ ṣòkòtò tó mọ lórúnkún, èyí tí ojú ìgbà náà kò gbà rárá. Wọ́n ń fún wàrà màlúù kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ń da ẹṣin tó ń fa ohun ìtúlẹ̀, wọ́n ń gé igi gẹdú. Àwọn àgbẹ̀ kan kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣílè 18 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀; lọ́dún yẹn kan náà, òfin ní owó ọkùnrin oko kò gbọdọ̀ dín ní ṣílè 25 lọ́sẹ̀.

Òfin ìbò wá dé ní 1918. Ọkùnrin ẹni ọdún 21 gbà á, ọmọ ogun ẹni ọdún 19 náà gbà á. Obìnrin ní láti pé 30, kí òun tàbí ọkọ rẹ̀ sì ní ilé tàbí ilẹ̀ tí òfin kà sí. Ọmọge ló sì pọ̀ lóko! Ọdún 1928 ni wọ́n tó bá ọkùnrin dọ́gba. Kí ogun tó dé rárá, àwọn obìnrin tó ń jà fún ìbò ti ṣẹ̀wọ̀n; nígbà tí wọ́n kọ oúnjẹ níbẹ̀, àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n fi rọ́bà ki oúnjẹ bọ̀ wọ́n nímú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tọrẹ?

Tiwa náà ńkọ́? Nígbà ogun Hitler, àwọn aláṣẹ gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà l'Abẹ́òkúta. Àwọn ìyá náà ń san owó orí, wọn kò sì ní ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ìlú, àfìgbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ya bo ààfin, tí Aláké Adémọ́lá fi gbé oyè sílẹ̀ ní 1949.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yin bàbá, bí ẹ bá tún fẹ́ dá owó, ẹ dá a láàárín ara yín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin náà jẹ̀bi. Káàdì ìdìbò ń bẹ nísàlẹ̀ àpótí yín, ẹ ń dúró kí ọkọ sọ ẹni tí ẹ máa tẹ̀ka fún. Ta ló ní kó sọ fún yín?