Ẹ Fọwọ́ Kúrò Lára Owó Ilé Ìkàwé Ìṣègùn

Ó sún mọ́ àádọ́ta ọdún tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ní Yúróòpù fi ń kọ́ àwọn ìyálọ́mọ pé kí wọ́n máa da ojú ọmọ tuntun délẹ̀ bí ó bá fẹ́ sùn. Àlàyé wọn dùn létí: bí ọmọ bá pọ wàrà lójú oorun, kò ní í há a lọ́fun. Àwọn òbí gbọ́, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí ara wọn le sì ń sùn, wọn kò jí. Kò sí ibà, kò sí ikọ́, kò sí ẹni tó mọ ohun tó pa wọ́n. Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, ó di 1991 kí ìjọba tó polongo fún gbogbo ìyá pé ẹ̀yìn ni kí ọmọ máa fi lélẹ̀ sùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí iye ọmọ tí ikú òjijì yìí ń pa fi já wálẹ̀ ju ìdajì lọ.

Èyí tó dunni jù nínú ọ̀rọ̀ náà kò hàn títí di 2005. Ọdún yẹn ni Ruth Gilbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London kó gbogbo ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí bí ọmọ ṣe ń sùn jọ, tí wọ́n tò wọ́n láti ọdún dé ọdún. Wọ́n rí i pé ká ní ẹnìkan ti kó àwọn ìwé náà jọ ní 1970, kó sì kà wọ́n pọ̀, ewu náà ì bá ti hàn kedere nígbà náà. Ìṣirò wọn fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ tó lé ní 10,000 má kú ní ilẹ̀ Bìrìtéènì. Tí a bá wo Yúróòpù lápapọ̀, pẹ̀lú Amẹ́ríkà àti agbègbè Ọsirélíà, ó kéré tán ó tó 50,000. Àwọn ìwé tí ì bá gbà wọ́n là kò sọnù. Orí pẹpẹ ilé ìkàwé ni wọ́n wà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí kò sí ẹni tó so wọ́n pọ̀.

A kò pa ìtàn yìí láti dá àwọn dókítà ayé ìgbà náà lẹ́bi. Kò sí dókítà tó lè ka gbogbo ohun tí wọ́n ń tẹ̀ jáde. Ìdí tí a fi mú un wá ni pé iṣẹ́ tí kò rí ẹni ṣe é ní 1970 yẹn, ìyẹn wíwá ìwádìí kiri, kíkó o jọ, àti yíya èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ní láárí, ti ní àwọn tó fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́ lóde òní. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ìṣègùn ni wọ́n. Àwọn yìí gan-an ni àwọn tó ń ṣètò ìnáwó ilé ìwòsàn kọ́kọ́ máa ń fojú sí lára bí owó bá ti wọ́n. Èrò wa nínú ìwé ìròyìn yìí ni pé ìpinnu tó lè pa ènìyàn ni, ó sì yẹ kí àwọn ìjọba Yúróòpù dẹ́kun rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì rò pé ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ sínú ìwé, tó sì ń sọ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé kó panu mọ́, ni òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Ẹ lọ wo àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ óò rí èyí tó ń bá àwọn dókítà rìn láti ibùsùn dé ibùsùn láàárọ̀. Dókítà lè béèrè pé: aláìsàn yìí ní àrùn kíndìnrín, ó tún lóyún, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wo ni kò ní í pa á lára? Òṣìṣẹ́ náà á padà sídìí kọ̀ǹpútà. PubMed, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ní 1997, ní àkọsílẹ̀ ìwádìí tó ju mílíọ̀nù 35 lọ. Embase, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Amsterdam, ní tirẹ̀. Kì í ṣe ká tẹ ọ̀rọ̀ méjì ká máa retí èsì. Ó ní bí wọ́n ṣe ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, ó ní èyí tí wọ́n ń yọ kúrò, àrùn kan ṣoṣo sì lè ní orúkọ mẹ́fà tó yẹ kéèyàn fi wá a. Kí ọjọ́ tó rọ̀, dókítà ti ní ojú ewé méjì tó ṣeé kà lọ́wọ́, ó sì mọ èyí tó ṣeé gbọ́kàn lé nínú ohun tó wà níbẹ̀.

Archie Cochrane, dókítà ọmọ Scotland, kọ ọ́ ní 1979 pé ohun ìtìjú ni pé iṣẹ́ ìṣègùn kò ní ètò tí yóò máa kó àbájáde ìwádìí jọ lóòrèkóòrè. Ó ti kú kí Iain Chalmers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá àjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti Oxford ní 1993. Gbogbo ayé ló ń jẹ nínú iṣẹ́ àjọ Cochrane. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tiwa náà ń jẹ níbẹ̀, nípasẹ̀ Hinari, ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2002 kí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí lè rí jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń tẹ ìwádìí sí, kà. Síbẹ̀, ní March 2023, ilẹ̀ Bìrìtéènì tó bí Cochrane dá owó tí NIHR, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba, ń fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe àkójọ náà níbẹ̀ dúró.

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Ní Jámánì, ZB MED ní Cologne, ilé ìkàwé ìṣègùn tó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ ní 2016 nígbà tí ìgbìmọ̀ Leibniz, àjọ tó kó ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí Jámánì pọ̀, dábàá pé kí ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ìpínlẹ̀ má ṣe fún un lówó mọ́. Àwọn tó ń lò ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú, ariwo pọ̀, ilé náà ṣì dúró dòní. Ní Geneva, Health on the Net, tó ti ń fi àmì dá ojú òpó ìlera tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ̀ láti àwọn ọdún 1990, kógbá sílé ní 2022. Ọdún yẹn kan náà ni NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ojú òpó tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń wá ẹ̀rí ìwádìí pa. Ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé gbogbo nǹkan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá sì ti dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti dé ni àwọn ènìyàn ti ń wá bá wọn pé kí wọ́n bá àwọn wá ìwádìí tí kò sí níbì kankan láyé. Orúkọ ònkọ̀wé wà, orúkọ jọ́nà wà, ọdún wà, ojú ewé wà, àfi pé ẹ̀rọ ló fi orí ara rẹ̀ hun gbogbo rẹ̀. (Ẹ̀rọ kì í tijú, ìyẹn sì ni ìṣòro rẹ̀.) Èyí tó wà lóòótọ́ pàápàá lè ti bàjẹ́. Ìwé tí dókítà kan, Andrew Wakefield, fi da àwọn òbí láàmú nípa MMR, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún ọmọdé, jáde nínú jọ́nà ìṣègùn Lancet ní 1998. Ó di 2010 kí jọ́nà náà tó fà á padà. Ní May 2020, Lancet kan náà gbé òmíràn jáde nípa oògùn ibà hydroxychloroquine àti àrùn kòrónà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi fà á padà, ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà yẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dá apá kan nínú ìwádìí tirẹ̀ dúró nítorí rẹ̀. Dókítà tó ti tẹ ẹ̀dà ìwé náà sórí bébà, tó fi sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ta ni yóò sọ fún un?

Bí wọ́n bá ní yàrá ìkàwé ń ṣófo, pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di wọ́ọ̀dù, a kò ní í bá wọn jà. Yàrá kọ́ là ń sọ. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá a, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn olówó jọ́nà dúnàádúrà, ni. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé Swídìn kọ̀ láti tún àdéhùn ṣe pẹ̀lú Elsevier, iléeṣẹ́ ńlá tó ń tẹ jọ́nà, nítorí pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tó fi máa di òpin 2019, Elsevier ti padà wá sídìí tábìlì. Ẹ má retí pé Google ni yóò bá yín ṣe ìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe é dáadáa wà. Ní 2006, ìjọba Nọ́wè ṣí Helsebiblioteket, ilé ìkàwé ìlera orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba ló san owó jọ́nà lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ìlú, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ti wà lórí ilẹ̀ Nọ́wè lè ṣí BMJ, Lancet tàbí New England Journal of Medicine láìsan kọ́bọ̀: dókítà ní Tromsø, akẹ́kọ̀ọ́ ní Bergen, àti ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní jẹjẹrẹ, tó jókòó sílé tí kò rí oorun sùn. Ti Fínláǹdì tún wù wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1881, nígbà tó jẹ́ pé èdè Swídìn ni àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ fi ń kàwé, àwọn ọ̀dọ́ dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn dá ẹgbẹ́ Duodecim sílẹ̀ kí ìṣègùn lè di ohun tí wọ́n ń fi èdè Finnish sọ, kí wọ́n sì máa kọ ọ́. Ẹgbẹ́ yẹn ló ń bójú tó Terveyskirjasto lónìí, ibi tí ará ìlú ti ń ka ọ̀rọ̀ àìsàn àti oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ ní èdè ìyá wọn, láti ọwọ́ àwọn dókítà fúnra wọn. Gbogbo ará Fínláǹdì kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Àwa tí a pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, kí ẹni tó létí gbọ́ ti tiwa níbẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi yẹ kó parí sọ́dọ̀ dókítà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wádìí ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Yúróòpù ní 2011 bóyá àwọn ènìyàn lè rí ọ̀rọ̀ ìlera, kó yé wọn, kí wọ́n sì lò ó, ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe é. Jámánì wà lára wọn, Nẹ́dáláǹdì wà lára wọn. Kì í ṣe ibi tí kò ti sí ilé ẹ̀kọ́.

Bí a bá sì sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹ wo àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, tó jẹ́ pé àwọn ènìyàn wa ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bá a yí ní London. Láti 2012 ni NICE ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ìrora rẹ̀ bá gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn, kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí wọ́n tó fún un ní oògùn ìrora. Ìwé náà wà, ó ṣe kedere, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ní November 2021, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin Bìrìtéènì tó ń rí sí àrùn náà gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde, àwọn aláìsàn sì sọ tẹnu wọn níbẹ̀: àwọn tó jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí tí ìrora ń jẹ wọ́n lójú egungun, àwọn tí òṣìṣẹ́ ń wò bíi pé oògùn olóró ni wọ́n wá gbà, àwọn tó jẹ́ pé ẹnu wọn ni nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ohun tí àrùn náà jẹ́. Àbọ̀ náà sọ ọ́ láìfi bò pé ìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nípa rẹ̀ kéré jọjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wa pé íntánẹ́ẹ̀tì kò sí ní àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyẹn. Ó wà. Ohun tí kò sí ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ìlànà yẹn kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, kó gbé e dé ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì, kó fi kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó sì fi èdè tó yé aláìsàn kọ ọ́ sórí ìwé pélébé tí òun náà lè nà sí nọ́ọ̀sì.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ náà mọ ohun tí à ń wí. Lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ti fi ó kéré tán wákàtí 35 kẹ́kọ̀ọ́ sí i, kí ìwé àṣẹ rẹ̀ má bàa já. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó ní ọmọ nílé, tó ń fowó ránṣẹ́ sí Òṣogbo, kò ní owó tí yóò fi máa ra jọ́nà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní 2020, Health Education England, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nígbà náà, fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan tó gboyè fún òṣìṣẹ́ 1,250 kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ náà ti wọ inú NHS England, àjọ tó ń darí NHS, ní April 2023. Ní March 2025, Keir Starmer, olórí ìjọba Bìrìtéènì nígbà náà, kéde pé wọn yóò tú NHS England náà ká sínú ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera. Ètò Knowledge for Healthcare, tí àwọn ilé ìkàwé ń tẹ̀ lé, 2021 sí 2026 ni wọ́n dá fún un. Nínú gbogbo kíkó wọlé kíkó jáde yìí, ẹni tó ṣe ìlérí kọ́ ni ẹni tó yẹ kó mú un ṣẹ mọ́. A fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìlera ní London kọ iye yẹn, 1,250, sínú ètò tó bá tẹ̀ lé e, kí ó kọ owó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì pa á láṣẹ pé ilé ìkàwé tí NHS ń náwó lé lórí gbọ́dọ̀ dá aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ lóhùn bí wọ́n bá wá béèrè. Ní ti àwọn ìjọba yòókù ní Yúróòpù, Nọ́wè kò jìnnà sí wọn. Kí wọ́n ránṣẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó gé kọ́bọ̀ mìíràn kúrò.