Màmá Ìjẹ̀bú Wọ Ìlú Olódi

Àwọn tó wà nínú eré: BÀBÁ DÈJÌ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí owó kì í tètè jáde lọ́wọ́ rẹ̀. ÌYÁ DÈJÌ, nọ́ọ̀sì, tó wọ bàtà gogoro lọ rìnrìn àjò. MÀMÁ, ìyá Ìyá Dèjì, Ìyá Ìjọ pátápátá, tó ti Ìjẹ̀bú-Òde wá kí wọn ní Leeds, ní Ẹ́ńgíláǹdì. DÈJÌ, ọmọ ọdún 11, tó mọ gbogbo nǹkan. BÍSÍ, ọmọ ọdún 5, tí inú rẹ̀ nìkan ń bá sọ̀rọ̀.

(Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ìlú York. Gèlè Màmá ga débi pé ọmọ òyìnbó kan ń wò ó títí áísìkiriìmù fi yọ́ sí i lọ́wọ́.)

BÀBÁ DÈJÌ: Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi pọ́ọ̀sì mi sínú báàgì yín.

MÀMÁ: Olè wà níbí ni?

BÀBÁ DÈJÌ: Olè kọ́ mà. Àwọn ọmọ yìí ni. Tí wọ́n bá ní kí n ra nǹkan, mo fẹ́ lè búra pé kò sówó lápò mi.

ÌYÁ DÈJÌ: Ọmọ Òṣómàáló!

BÀBÁ DÈJÌ: Mo ti ṣètò gbogbo ẹ̀. Odi ìlú tí a máa rìn lórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Atẹ́gùn, ọ̀fẹ́. Jọ́lọ́ọ̀fù wà nínú fúláàsì. A ó lọ, a ó bọ̀, kọ́bọ̀ kan ò ní já bọ́.

ÌYÁ DÈJÌ: Owó rélùwéè ńkọ́?

BÀBÁ DÈJÌ: Ìyẹn ṣì ń dùn mí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Micklegate Bar la ti máa gun odi, ká gba Bootham Bar, ká gba Monk Bar, ká fi Walmgate Bar kádìí ẹ̀.

(Màmá dúró gbagidi láàárín ọ̀nà.)

MÀMÁ: Ẹ tún un sọ.

BÀBÁ DÈJÌ: Mo ní báà mẹ́rin ni mà.

MÀMÁ: Báà mẹ́rin! Fúnkẹ́, o gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ ń sọ? Kí èmi Ìyá Ìjọ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí n wá máa ti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn? Lójú ọmọ!

DÈJÌ: Gránmà, báà kì í ṣe ilé ọtí níbí. Géètì ìlú ni wọ́n ń pè ní báà.

MÀMÁ: Ó dáa. Kí wá ni géètì?

DÈJÌ: Títì. Stonegate, Goodramgate, Coppergate, títì ni gbogbo wọn. Èdè àwọn Viking ni, àwọn jagunjagun tó gba ojú òkun wá. Ọdún 866 ni wọ́n gba ìlú yìí.

MÀMÁ: Títì ni géètì, géètì ni báà. Ilé ọtí gan-an ńkọ́?

DÈJÌ: Pub.

MÀMÁ: Ẹ ṣọ́ra o. Ìlú tó bá ń pààrọ̀ orúkọ nǹkan báyìí, ó ní gbèsè tó ń sá fún.

(Micklegate Bar. Màmá fi ọwọ́ gbá òkúta rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò.)

MÀMÁ: Oníbodè dà?

BÀBÁ DÈJÌ: Kò sí oníbodè mọ́, mà. Ọ̀fẹ́ ni mo wí.

MÀMÁ: Bodè láìsí oníbodè? Ta ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́rù wọlé?

DÈJÌ: Wọ́n ń gbà á láyé àtijọ́, Gránmà.

MÀMÁ: Ẹ̀n-ẹ́n! Ìlú olódi ni ìlú olódi.

DÈJÌ: Wọ́n tún máa ń gbé orí èèyàn kọ́ sókè níbẹ̀. Lọ́dún 1460 wọ́n gé orí Richard, Duke of York, tó ń du adé ọba, wọ́n fi bébà ṣe adé fún un, wọ́n sì gbé e kọ́ síbí.

MÀMÁ: Ní ìlú tó fi ń joyè gan-an?

DÈJÌ: Níbí gan-an.

MÀMÁ: Àwa a máa ní ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn yìí ò jẹ́ kó mú ọ̀kan. Wọ́n di méjèèjì fún un.

(Wọ́n gun odi. Atẹ́gùn dé, Màmá fi ọwọ́ kan di gèlè mú. Ìyá Dèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.)

DÈJÌ: Nínú gbogbo odi ìlú tó wà ní Ẹ́ńgíláǹdì, eléyìí ló gùn jù. Kìlómítà 3.4!

MÀMÁ: Mélòó?

DÈJÌ: 3.4.

MÀMÁ: Mẹ́ta àti díẹ̀ ni ẹ fi ń pariwo! Ẹ̀rẹ̀dò Ṣùngbọ́ ńkọ́, ní Ìjẹ̀bú? Yàrà ẹ̀ jìn tó fi jẹ́ pé tó o bá dúró nísàlẹ̀, o ò ní rí ẹni tó ń pè ọ́ lókè. Látìgbà tí mo ti dáyé, n ò tíì pàdé ẹni tó rìn ín dópin.

DÈJÌ: (ó tẹ fóònù) Gránmà! Wọ́n ní ó lé ní kìlómítà 160!

MÀMÁ: Fóònù yẹn gbọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀bú ló ṣe é.

DÈJÌ: Lọ́dún 1800, ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ wó odi yìí, àwọn kan ló bá wọn jà.

ÌYÁ DÈJÌ: (ó ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀) Ta ló rán wọn níṣẹ́?

DÈJÌ: Olú-ọba Róòmù kan kú sí York lọ́dún 211, Septimius Severus. Ọmọ Áfíríkà ni. Leptis Magna ni wọ́n ti bí i, ní Líbíà.

MÀMÁ: Ọmọ Áfíríkà! Òtútù ló pa á.

DÈJÌ: Rárá, Gránmà. Àìsàn ni. Làkúrègbé ti ń bá a jà tipẹ́.

MÀMÁ: Kí ló ń fa làkúrègbé?

ÌYÁ DÈJÌ: Màmá, ní ọsibítù, wọ́n ní...

MÀMÁ: Òtútù! Èèyàn fi oòrùn sílẹ̀, ó wá gbébọn... àbí idà ni wọ́n ń lò nígbà yẹn? Ó gbé idà wá síbi tí atẹ́gùn ti ń kọjá lára egungun. Kò sí ìyá níbẹ̀ tó lè sọ fún un pé kó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

(Ó fa súwẹ́tà Bísí títí ó fi kan àgbọ̀n.)

BÍSÍ: Mọ́mì, ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí.

(Wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé tíì kan. Àkọlé wà lẹ́nu ọ̀nà: ẹni tí kò bá ra nǹkan kò gbọdọ̀ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá Dèjì kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá á yí padà. Kò yí padà. Ó gba pọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Màmá, ó ra tíì kan, ó ní kí wọ́n fún òun ní ife márùn-ún. Ìyá Dèjì mú Bísí wọlé. Wọ́n pẹ́. Wọ́n jáde.)

ÌYÁ DÈJÌ: Ó ní ó ti lọ.

BÀBÁ DÈJÌ: Kí ló lọ?

BÍSÍ: Ìgbẹ́ náà. Ó ti padà sílé.

(Bàbá Dèjì mu tíì náà tán, ó kán ìkán tó gbẹ̀yìn sẹ́nu. Ó dá pọ́ọ̀sì padà fún Màmá.)

(Ní Shambles. Títì náà tóóró débi pé òkè ilé ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ forí kan òkè ilé òsì, bí ìyá méjì tó ń ṣòfófó.)

DÈJÌ: Gránmà, ìsọ̀ alápatà nìyí! Lọ́dún 1872, alápatà 25 ló wà níbí. Ẹ wo ìkọ́ tí wọ́n ń fi ẹran kọ́. Pátákó tó yọ jáde lábẹ́ fèrèsé yẹn ni wọ́n ń pàtẹ ẹ̀ sí.

MÀMÁ: (ojú rẹ̀ là) Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ ìdí tí títì fi há báyìí. Kí oòrùn má bàa ba ẹran jẹ́ ni! Fúnkẹ́, mú náílọ́ọ̀nù jáde. A ó ra ṣàkì, a ó ra bọ̀kọ́tọ̀.

DÈJÌ: Wọn ò sí mọ́, Gránmà.

MÀMÁ: Gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n?

DÈJÌ: Gbogbo wọn.

MÀMÁ: Kí ni wọ́n wá ń tà?

DÈJÌ: Ṣokoléètì. Àti ọ̀pá oṣó.

(Kí Màmá tó dáhùn, ọmọ òyìnbó kan tó dé fìlà dúdú ṣóńṣó na ọ̀pá sí i, ó sì pe nǹkan tí kò yé ẹnikẹ́ni.)

MÀMÁ: Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ọmọ ta nìyí?

ÌYÁ DÈJÌ: Màmá, eré ni. Inú fíìmù ni wọ́n ti rí i.

MÀMÁ: Ó nagi sí mi, ó pe ọfọ̀, o ní eré ni! (Ó na ìka sí ọmọ náà) Padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó rán ọ! Sáàmù kọkànléláàádọ́rùn-ún!

(Ọmọ náà rò pé Màmá gbà láti bá òun ṣeré. Ó lọgun, ó yí gbiri, ó ṣubú, ó ṣe bí òkú. Àwọn tó ń kọjá pàtẹ́wọ́. Màmá tún gèlè ṣe.)

MÀMÁ: Ẹ ti rí agbára Ọlọ́run.

(Ní Coppergate, níwájú Jorvik, ilé ìṣàfihàn nǹkan àwọn Viking. Dèjì ti di apá aṣọ bàbá rẹ̀ mú.)

DÈJÌ: Dádì, ẹ jọ̀ọ́! Wọ́n tún ìlú Viking kọ́ síbẹ̀, tòun ti òórùn ẹ̀!

MÀMÁ: Òórùn bí i ti kí ni?

DÈJÌ: Ẹja, ẹran, ṣáláńgá.

BÀBÁ DÈJÌ: Kí n sanwó kí n gbóòórùn ṣáláńgá? Nígbà tí mo wà ní Iléṣà, ṣebí ọ̀fẹ́ ni.

DÈJÌ: Ìgbẹ́ Viking kan tún wà níbẹ̀.

(Gbogbo wọn dákẹ́. Ẹyẹlé kan tó ń jẹ búrẹ́dì lẹ́bàá wọn fò lọ.)

ÌYÁ DÈJÌ: Kí lo pè é?

DÈJÌ: Ìgbẹ́. Ọdún 1972 ni wọ́n hú u jáde níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ báńkì sí. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Sẹ̀ǹtímítà 20 ni.

ÌYÁ DÈJÌ: (nọ́ọ̀sì inú rẹ̀ jí) Ogún! Lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹni yẹn jìyà o.

DÈJÌ: Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ẹran àti búrẹ́dì ló ń jẹ. Ẹyin aràn sì kún inú ẹ̀.

MÀMÁ: Kò jẹ ẹ̀fọ́! Dèjì, o gbọ́? Ìwọ tí o ní ṣọkọ ń korò lẹ́nu rẹ. Wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹni tí kò jẹ ẹ̀fọ́ ṣèran wò.

DÈJÌ: Lọ́dún 2003 ó já bọ́, ó dá sí mẹ́ta. Wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

MÀMÁ: Wọ́n rán ẹnì kan níwèé, ó kàwé gboyè, wọ́n ní kó wá lẹ ìgbẹ́.

BÀBÁ DÈJÌ: Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ẹ̀. Mo sanwó tíì kí ọmọ mi lè yàgbẹ́, kò yà á. Kí n tún wá sanwó wo èyí tí ẹlòmíràn yà. Bóo yà á, owó! Bóo wò ó, owó!

(Wọn ò wọlé. Dèjì bínú dé iwájú Minster, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà, níbi tó ti rí ilé tó ga ju ìbínú rẹ̀ lọ.)

DÈJÌ: Nǹkan bí ọdún 250 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọdún 1472 ló parí. Wọ́n san £56 fún John Thornton tó ṣe fèrèsé ìlà-oòrùn.

BÀBÁ DÈJÌ: £56! Ẹni tó ṣe fèrèsé ilé ìdáná wa gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, òjò sì ń wọlé. Màmá, ẹ jẹ́ ká wò ó láti ìta. Owó ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà.

MÀMÁ: Owó bodè, nílé Ọlọ́run? A wá oníbodè títí, àṣé ibí ló wà!

(Ó lọ bá bàbá kan tó wọ aṣọ gígùn. Wọ́n sọ̀rọ̀. Bàbá náà tẹríba. Màmá padà pẹ̀lú ẹ̀rín.)

MÀMÁ: Ẹni tó bá wá jọ́sìn kì í sanwó. Ìsìn ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

BÀBÁ DÈJÌ: Ọ̀fẹ́? Màmá, Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún wa! Bísí, wá jọ́sìn!

DÈJÌ: Gránmà, ọmọ Uganda ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ibí láti 2005 sí 2020, John Sentamu. Lọ́dún 2006 ó fárí, ó pàgọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ó fi ọ̀sẹ̀ kan gbààwẹ̀ nítorí ogun.

MÀMÁ: Àgọ́, nínú òtútù yìí! Dúdú bíi tèmi! (Omi lé sí i lójú.) Ẹ jẹ́ ká wọlé.

(Ìsìn parí. Bàbá Dèjì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tó wo ilé olówó láìsanwó.)

BÀBÁ DÈJÌ: Màmá, ẹ bá mi mú pọ́ọ̀sì mi. (Ó ṣí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dojú ẹ̀ délẹ̀.) Màmá... ẹ má bínú mà. Bébà pupa kan wà níbí tẹ́lẹ̀.

MÀMÁ: Mo ti fi dúpẹ́ lórúkọ yín. Wọ́n gbé agbọ̀n sẹ́nu ọ̀nà.

BÀBÁ DÈJÌ: Àádọ́ta pọ́n-ùn ni, mà.

MÀMÁ: Mo mọ̀. Èyí tó kù kò yẹ orúkọ yín.

(Bàbá Dèjì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó rántí pé àna òun ni. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.)

BÀBÁ DÈJÌ: Ẹ ṣeun mà.

BÍSÍ: Dádì, ìgbẹ́ náà ti dé.

ÌYÁ DÈJÌ: Yéè! Ilé tíì yẹn ò jìnnà, ẹ jẹ́ ká sáré...

BÀBÁ DÈJÌ: Ẹ fi í sílẹ̀! Bísí, wá, igi kan nìyí, yà á síbẹ̀. Kó gùn dáadáa. Dèjì, kọ déètì òní sílẹ̀. Wọ́n á sanwó wá wò ó.