A kì í fárí lẹ́yìn olórí

Bí wọ́n bá pín ogún láìpe ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀, tàbí tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò bu owó iná lé ẹni tí kò wá sípàdé, òwe tó máa ń bọ́ lẹ́nu ni pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n lò fún ẹni tí kò sí níjòókòó. Ẹni tí a kì í sábà lò ó fún ni ẹni tó wà níbẹ̀ gbangba, tí abẹ ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀, tí wọ́n sì ní kó panu mọ́. Ohun tó ṣe àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta nìyẹn, nígbà ìjọba òyìnbó.

Wọn ò sí ní ìdálẹ̀, wọn ò sì fara pamọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n wà lọ́jà tí wọ́n ń ta gàrí àti ìrẹsì, tí àwọn mìíràn ń pa àdìrẹ láró. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ní Abẹ́òkúta ń san owó orí lórúkọ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń bù ú lé ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá mìíràn. Lára ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin kà sí ìjọba lọ́rùn ni pé àwọn agbowó-orí a máa tú aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n lè fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì mọ́ àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Ta ló jókòó gbèrò gbogbo èyí? Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ni, àti àwọn òyìnbó tó sọ ọ́ di aláṣẹ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tí kò sí obìnrin kankan nínú rẹ̀. Ní ìlú tó fi Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ Ìyálóde ní 1864! Ti ìbò kò tilẹ̀ ṣeé sọ. Òfin 1922 fi ìbò sílẹ̀ fún ọkùnrin Èkó àti Kàlàbá tó bá ń rí £100 lọ́dún, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkùnrin pàápàá ò rí i dì.

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ nípa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó ṣáájú ìjà àwọn obìnrin wọ̀nyí, ni pé òun ni obìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Ó máa ń dùn mí pé ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, bí ẹni pé mọ́tò ló gbé e wọ inú ìtàn. Obìnrin yìí ti kàwé ní ìlú òyìnbó, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà ni ọkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1932, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé obìnrin ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́, wọ́n sì ń ṣe fàájì wọn jẹ́jẹ́. Ní 1944 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọlọ́jà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ẹnu àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti owó orí ti kọ́ wọ ẹgbẹ́. Nígbà tó di 1946, orúkọ ẹgbẹ́ ti yí padà sí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta.

Èyí tó wù mí jù nínú ìwà rẹ̀ ni pé ó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró bíi ti gbogbo ẹgbẹ́, kí aláàárù má baà máa wo ara rẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀ ní ìpàdé. Yorùbá ló ń sọ ní gbangba. Kódà bó bá dé iwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó, Yorùbá náà ni. Ẹni tí kò bá gbọ́ kó wá ògbufọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe aṣíwájú ẹgbẹ́ lónìí, ẹ bi ara yín léèrè èdè tí ẹ fi ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ ìwọ́de, wọ́n ní àwọn ò wọ́de kankan, píkíníkì ni àwọn ń lọ. A gbọ́ pé wọ́n yọ ọ̀pá Orò sí wọn kí ẹ̀rù lè bà wọ́n padà sílé, Ìyáàfin Ransome-Kuti sì gba ọ̀pá ọ̀hún, ó gbé e lọ sílé rẹ̀. Òyìnbó aláṣẹ kan ní kó pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ìyáàfin náà bi í bóyá ó lè bá ìyá tó bí i lọ́mọ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu la fi ń kọ mé-ǹ-jẹ, kò sì sí ẹni tó lè yá wọn ní ẹnu. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, nǹkan bí 10,000 obìnrin ló dó sí ẹnu ọ̀nà ààfin Aké. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Aláké kúrò nílùú lọ sí Òṣogbo, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tuntun.

Ibí ni àwọn tó ń sọ ìtàn náà sábà máa ń jókòó sí, tí wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èmi ò rò pé ìyá náà jókòó. Lílé òǹgbàjámọ̀ lọ kò tíì fi abẹ lé olórí lọ́wọ́, nítorí òǹgbàjámọ̀ mìíràn ń bọ̀ lọ́la. Ohun tó kù ni ìbò. Ní 1953, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti apá ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà pàdé ní Abẹ́òkúta, wọ́n di àpapọ̀ kan, wọ́n sì ní kí gbogbo àgbàlagbà máa dìbò. Èsì tí wọ́n rí gbà ní ìbò àpapọ̀ 1954 ni pé ní Ìwọ̀ Oòrùn, ẹni tó bá san owó orí ló lè dìbò. Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́! Owó tí àwọn obìnrin jà kí wọ́n má san ni wọ́n wá fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Apá Ìlà Oòrùn ti gba gbogbo àgbàlagbà láyè ní ọdún kan náà. Ní 1959 ni gbogbo obìnrin ìsàlẹ̀ Nàìjíríà tó dìbò. Ti Òkè Ọya pẹ́ jù: Gambo Sawaba, tó wá sí Abẹ́òkúta wá kọ́ ọgbọ́n ìjà lọ́dọ̀ Ìyáàfin Ransome-Kuti, wọ ẹ̀wọ̀n títí, 1976 ni òfin tó fún wọn ní ìbò, 1979 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìyáàfin Ransome-Kuti ti kú ní oṣù kẹrin 1978, lẹ́yìn tí àwọn sójà jù ú láti ojú fèrèsé òkè ní ilé ọmọ rẹ̀ ní Èkó ní 1977.

Ní 1959 yẹn gan-an tí obìnrin rí ìbò dì, Ìyáàfin Ransome-Kuti fẹ́ gbégbá lábẹ́ NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti ń ṣe tipẹ́. Wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì dù ú. Ó dá dúró, kò wọlé, ẹgbẹ́ sì lé e. Fífá orí ti kúrò ní ojúde, ó ti wọ yàrá ẹgbẹ́ òṣèlú, kò sì tíì jáde títí di òní. Nínú sẹ́nétọ̀ 109 tí wọ́n dìbò yàn ní 2023, obìnrin kò pé márùn-ún. Ní oṣù kẹta 2022, àwọn aṣòfin da àbá tó fẹ́ ya àwọn ìjókòó kan sọ́tọ̀ fún obìnrin ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nù.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ̀yin ìyá wa pé ẹ ti ní káàdì ìdìbò, kí ló tún kù, ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣèpàdé wọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, lásìkò tí ọlọ́jà ń palẹ̀ ọjà mọ́ tí ọmọ sì ń ké ebi nílé, ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ ní kí wọ́n gbé e sí ọ̀sán ọjọ́ Sátidé.