Iná bíréèkì tó ń tàn ṣáá, kì í ṣe gílóòbù o

Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ gílóòbù torí iná bíréèkì ọ̀kadà yín kì í kú, owó yín ló fẹ́ ná. Gílóòbù tó jó kì í tàn rárá! Swíìṣì tó ń tan iná náà ni kẹ́ ẹ wò, ọ̀kan wà níbi bíréèkì ọwọ́, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dàlì tí sípíríǹgì kékeré ń fà, ẹ yọ wáyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ yọ tí iná fi kú, òun lolè. Tẹsẹ̀ ló máa ń fà á jù, àgàgà tí mẹkáníìkì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún bíréèkì le; ẹ di swíìṣì mú, nọ́ọ̀tì ẹ̀ nìkan lẹ ó yí títí iná á fi kú. Tọwọ́ ńkọ́? Eruku ọyẹ́ Kubwa l'Ábújá yìí lè mú un há, ẹ fọ̀ ọ́. Àwọn tó ń gé wáyà yẹn kí iná ṣáà lè kú, ṣé wọn ò rí tírélà ọ̀nà Nyanya tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ni, tí ò ní mọ̀ pé wọ́n ń tẹ bíréèkì?